Obìnrin tó mú búrọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó mú gègé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí sáà mọ́dánísíìmù

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ayàwòrán àti obìnrin òǹkọ̀wé ìgbà náà ti gba ọkàn mi láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí rẹ̀ nìyí. Àwọn kan gba àlàyé gígùn, àwọn kan kò gbà ju ṣókí lọ.

Ìgbà wo gan-an là ń pè ní sáà mọ́dánísíìmù?

Láti nǹkan bí 1890 títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Yúróòpù àti ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù. Àwọn ayàwòrán kò fẹ́ ya igi kó rí bí igi gẹ́lẹ́ mọ́. Wọ́n fẹ́ ya bí igi náà ṣe rí lára ẹni tó ń wò ó. Àwọn òǹkọ̀wé náà kò fẹ́ to ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé èrò bó ṣe ń sá síwá sá sẹ́yìn nínú ọkàn èèyàn. Mọ́tò dé, rédíò dé, ogun ńlá jà, obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò. Ní Nàìjíríà, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn, láàárín 1950 sí 1970. Màá fọwọ́ kàn án nísàlẹ̀.

Ọ̀dà ni ayàwòrán ń lò, ọ̀rọ̀ ni òǹkọ̀wé ń lò. Kí ló wá pa wọ́n pọ̀?

Nígbà mìíràn, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ wo Vanessa Bell àti Virginia Woolf ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n bí Vanessa ní 1879, wọ́n bí Virginia ní 1882. Bàbá wọn, Leslie Stephen, jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó ṣe olóòtú ìwé ńlá tí wọ́n kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí. Àwọn ọmọkùnrin ilé náà lọ sí Cambridge. Àwọn ọmọbìnrin wà nílé, wọ́n ń bu tíì fún àlejò. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti pín iṣẹ́ ayé láàárín ara wọn: ẹ̀gbọ́n yóò yàwòrán, àbúrò yóò kọ̀wé.

Ohun kan wà nínú ìtàn wọn tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí Virginia ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó ní tábìlì ìkọ̀wé kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Orí ìdúró ló ti ń kọ̀wé nídìí rẹ̀. Quentin, ọmọ Vanessa, ẹni tó padà kọ ìtàn ìgbésí ayé àbúrò ìyá rẹ̀ yìí, sọ ohun tó fà á: Vanessa ń dúró nídìí àwòrán rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Virginia kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ tòun rọrùn ju ti ẹ̀gbọ́n òun lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀dọ́mọbìnrin tó nà ró bí ẹni ń lọ aṣọ, gègé lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà lórí ìdúró. Owú díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìfẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju owú lọ.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, iṣẹ́ wọn tún pàdé. Ní 1917, Virginia àti Leonard ọkọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, wọ́n sì dá Hogarth Press sílẹ̀. Ní 1919 wọ́n tẹ ìtàn Virginia kan tí ń jẹ́ Kew Gardens, Vanessa sì gbẹ́ àwòrán sára igi fún un. Nígbà tó rí bí títẹ̀ náà ṣe rí, inú bí i gidigidi. Ó ní bí wọn kò bá ní jẹ́ kí òun lóhùn sí bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán òun, òun kò ṣe mọ́. Wọ́n parí ìjà náà. Láti 1922 lọ, àfi ọ̀kan bí ọ̀kan, Vanessa ló ń ya ẹ̀yìn ìwé àbúrò rẹ̀, ó sì ń yà wọ́n lọ lẹ́yìn tí Virginia kú ní 1941.

Ilẹ̀kùn wo gan-an ni wọ́n tì mọ́ wọn?

Ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ni àkọ́kọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ wá àwòrán tí Johan Zoffany ya láàárín 1771 sí 1772 nípa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Royal Academy, ẹgbẹ́ ńlá àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin méjì, Angelica Kauffman àti Mary Moser, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1768. Nínú àwòrán Zoffany, àwọn ọkùnrin pé jọ yíká ọkùnrin kan tó bọ́ sí ìhòòhò kí wọ́n lè máa ya á. Àwọn obìnrin méjì ọ̀hún kò sí láàárín wọn. Àwòrán ojú wọn ni ó gbé kọ́ ara ògiri, nítorí pé wọ́n ní kò yẹ kí obìnrin wà níbi tí ọkùnrin ti bọ́ra. Ọmọ ẹgbẹ́ tó lóhùn, wọ́n di àwòrán lára ògiri! Lẹ́yìn àwọn méjì yẹn, ẹgbẹ́ náà kò tún yan obìnrin kankan títí di 1922, nígbà tí Annie Swynnerton wọlé, òun náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kíkún. Ó di 1936 kí Laura Knight tó di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún.

Ọ̀rọ̀ ìhòòhò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ṣe ń ya ara èèyàn kò lè ya àwọn àwòrán ńlá tí ẹ̀bùn àti owó ìjọba ń tẹ̀ lé nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ìjọba ní Paris kò gba obìnrin títí di 1897. Ní ti àwọn òǹkọ̀wé, Cambridge jẹ́ kí obìnrin jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní oyè kíkún títí di 1948. Àwọn ilẹ̀kùn náà yàtọ̀, ọwọ́ kan náà ló dì wọ́n mú.

Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ìyà jẹ jù?

Ayàwòrán ni, lójú tèmi. Virginia Woolf fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó bá àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ kan sọ ní 1931. Ó ní ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà tó láti ra ìwé tí èèyàn lè kọ gbogbo eré Shakespeare sí. Òǹkọ̀wé kò nílò dùùrù, kò nílò ẹni tí yóò máa jókòó kí ó lè ya á, kò nílò kí ó lọ sí Paris tàbí Berlin lọ bá olùkọ́. Ìdí nìyẹn, ó ní, tí obìnrin fi rí ọ̀nà gbà nínú ìwé kíkọ kí wọ́n tó rí i nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ayàwòrán ńkọ́? Ọ̀dà, kánfáàsì, igi tí wọ́n ń na kánfáàsì mọ́, yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára, owó ẹni tó ń jókòó, owó olùkọ́. Ní Académie Julian ní Paris, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó gba obìnrin, owó tí obìnrin ń san ju ti ọkùnrin lọ. Tí o bá sì ya á tán, o ṣì ní láti rí ẹni tí yóò gbà á gbé kọ́ ògiri.

Paula Modersohn-Becker fi ojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n bí i ní Dresden, ní Jámánì, ní 1876. Ó fẹ́ ayàwòrán kan ní abúlé Worpswede, ṣùgbọ́n léraléra ló ń fi abúlé sílẹ̀ lọ sí Paris lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1906, lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó rẹ̀ pé ọdún márùn-ún, ó ya ara rẹ̀ láìwọ ẹ̀wù, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọwọ́ méjèèjì yí ikùn ká bí aboyún. Kò sì lóyún nígbà náà. Ojú rẹ̀ nínú àwòrán yẹn kò tijú rárá. Ó ń wò ọ́ bí ẹni fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Ní oṣù kọkànlá 1907 ó bí ọmọbìnrin kan, kí oṣù náà sì tó parí, ó ti kú, ẹni ọdún 31. Àwòrán tó tà nígbà ayé rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, ó sì fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni àwọn lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ ò rí i? Ayàwòrán ni, ìwé ló ṣí ọ̀nà fún un. Ní 1927 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Bremen fún iṣẹ́ rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé fún obìnrin ayàwòrán.

Kí ló dé tó fi jẹ́ yàrá, tábìlì àti abọ́ èso ni wọ́n ń yà ṣáá? Ṣé wọn ò rí nǹkan ńlá yà ni?

Ìbéèrè yìí ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fojú kéré iṣẹ́ wọn pé ọ̀rọ̀ ìdí àárò ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Inú ilé ni wọ́n há wọn mọ́, inú ilé náà ni wọ́n sì ti rí ohun tí àwọn tó wà níta kò rí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síwájú àwòrán kan ṣoṣo. Gwen John ló yà á. Ọmọ ilẹ̀ Wales ni, wọ́n bí i ní 1876, ó kọ́ṣẹ́ ní Slade ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kó lọ sí Paris ní 1904. Kó tó lè jẹun, ó ń jókòó fún àwọn oníṣẹ́ ọnà láti ya, Rodin agbẹ́re wà lára wọn. Láàárín 1907 sí 1909 ó ya igun kan nínú yàrá rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lábẹ́ òrùlé tó dagun. Àga tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun wà nídìí fèrèsé. Agboòrùn kan fara ti àga náà. Tábìlì kékeré kan wà níbẹ̀, òdòdó wà lórí rẹ̀. Aṣọ fèrèsé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ wọlé, ó rọra dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Kò sí èèyàn kankan nínú yàrá náà. Síbẹ̀ o mọ̀ pé ẹnì kan ló ni í. Obìnrin kan ló ń san owó yàrá yìí, òun ló gbé agboòrùn náà síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn pe ìyàwó ilé jáde.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá 1928, Virginia Woolf lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin sọ̀rọ̀ ní Cambridge, ní Newnham àti Girton. Ọ̀rọ̀ náà di ìwé ní 1929, A Room of One's Own. Ohun tó sọ níbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: obìnrin tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ gbọ́dọ̀ ní owó, 500 pọ́n-ùn lọ́dún, àti yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Gwen John kò rí irú owó yẹn ní gbogbo ọdún tó fi ń jókòó fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n yàrá náà ló yà. Òǹkọ̀wé sọ ọ́ lọ́rọ̀, ayàwòrán ti fi hàn tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Mrs Dalloway, ìwé ìtàn àròsọ Virginia ti 1925. Ọjọ́ kan péré ni ìwé náà, ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà, obìnrin olówó kan jáde lọ ra òdòdó nítorí àpèjẹ alẹ́. Ẹni tó bá yára yóò ní kí ni ìyẹn já mọ́. Ṣùgbọ́n inú ọjọ́ kan yẹn ni sójà kan tí ogun ti da orí rẹ̀ rú ti ń rìn kiri ìlú kan náà, tí ó sì kú, tí ìròyìn ikú rẹ̀ sì dé ibi àpèjẹ náà, láàárín oúnjẹ àti aṣọ aláràbarà. Ogun Àgbáyé gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wọlé.

Ṣé Vanessa ni Lily Briscoe, obìnrin ayàwòrán inú To the Lighthouse, ìwé ìtàn àròsọ Virginia?

Kì í ṣe òun gan-an. Lily jẹ́ obìnrin tí kò lọ́kọ, Vanessa lọ́kọ ó sì bí ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò sí bí Virginia ì bá ṣe kọ Lily ká ní kò gbé ayé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayàwòrán.

Inú ìwé yẹn, tó jáde ní 1927, ni àwọn iṣẹ́ méjèèjì ti di ọ̀kan lójú mi. Lily fẹ́ ya ìyá ilé, Mrs Ramsay. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tansley ń sọ létí rẹ̀ pé obìnrin kò lè yàwòrán, obìnrin kò lè kọ̀wé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń di ọ̀nà kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbólóhùn yẹn ń padà wá sí Lily lọ́kàn bí eṣinṣin, ní gbogbo ìgbà tó bá gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Mrs Ramsay ti kú. Lily padà sí ilé náà, ó tún na kánfáàsì. Ó mọ̀ pé wọ́n lè gbé àwòrán òun kọ́ sí òkè àjà tàbí kí wọ́n ká a jù sí abẹ́ àga. Síbẹ̀, ní ìparí, ó fa ìlà kan sí àárín, àwòrán sì parí. Ibi tí Lily ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni Virginia ti gbé gègé sílẹ̀. Ìwé náà parí síbẹ̀ gan-an.

Ìyá tiwọn fúnra wọn, Julia, kú ní 1895, nígbà tí Virginia jẹ́ ọmọ ọdún 13. Nígbà tí Vanessa ka ìwé náà, ó kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ pé ó ti ya àwòrán ìyá àwọn, tó jọ ọ́ ju ohunkóhun tí òun rò pé ó ṣeé ṣe. Ayàwòrán ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Mi ò mọ ìyìn tó tún ju ìyẹn lọ láàárín ọmọ ìyá méjì.

Kí ló wá kan Yorùbá nínú gbogbo èyí?

Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọdá òkun lọ sí Kúbà.

Amelia Peláez, ayàwòrán, tí wọ́n bí ní 1896, àti Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé, tí wọ́n bí ní Havana ní 1899, jẹ́ ọ̀rẹ́. Ìdílé òǹkọ̀wé wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì: bàbá Lydia jẹ́ lọ́yà àti òǹkọ̀wé, ìyá Amelia sì jẹ́ ọmọ ìyá akéwì Julián del Casal. Ní 1927, wọ́n lọ sí Paris. Amelia kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Alexandra Exter, obìnrin ayàwòrán tó wá láti Yukréìn, ẹni tí Lydia náà bá ṣọ̀rẹ́. Exter tilẹ̀ ya àwòrán sí ìtàn Lydia kan, Arere Marekén, nínú ìwé kan ṣoṣo tó fọwọ́ ṣe.

Nínú Paris yẹn, níbi tí gbogbo ayé ti ń sáré wo ère ilẹ̀ Áfíríkà, Lydia rántí àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ilé bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, àti ìtàn tí wọ́n ń pa. Ó máa ń sọ pé etí odò Seine lòun ti rí Kúbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Teresa de la Parra, òǹkọ̀wé ọmọ Venezuela, ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó sì wà ní ilé ìwòsàn ní Leysin ní Swítsàlandì. Lydia bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìtàn náà láti fi dá a lára yá. Wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde ní èdè Faransé ní Paris ní 1936, ọdún tí Teresa kú. Bí ìwé yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Amelia padà sílé ní 1934, sí ilé ìdílé rẹ̀ ní àdúgbò La Víbora ní Havana, kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1968. Ohun tó yà ni ilé náà: gíláàsì aláràbarà tó tẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ lókè ilẹ̀kùn, irin fèrèsé tí wọ́n yí bí ewéko, abọ́ èso, ẹja lórí àwo, òdòdó. Ó fi ìlà dúdú nípọn yí gbogbo rẹ̀ ká, àwọ̀ búlúù, pupa àti yẹ́lò wá ń tàn láàárín ìlà bí oòrùn tó gba inú gíláàsì. Ẹni tó bá ti wo fèrèsé àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ ní Èkó yóò rí nǹkan tó mọ̀ níbẹ̀.

Lydia padà dé ní 1938. Ó ń gbé ní Marianao, nítòsí àdúgbò Pogolotti níbi tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú wà, ó jókòó ti àwọn àgbà Lukumí, bí wọ́n ṣe ń pe ìran Yorùbá ní Kúbà, ó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù, El Monte, jáde ní 1954. Igbó ni orúkọ náà, igbó ewé àti òrìṣà. Ní 1957 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Lukumí, ó pè é ní Anagó. Ní 1971, nígbà tó ti sá kúrò ní Kúbà lọ sí Miami, ó tẹ ìwé ìtàn ìjàpá jáde. Orúkọ tó fún un ni Ayapá. Ẹ pe orúkọ náà síta, ẹ ó gbọ́ àjàpá wa, ẹ̀dá tó wọ ọkọ̀ ẹrú sọdá òkun nínú ẹnu àwọn baba wa.

Ṣé kì í ṣe pé ó kàn jí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú gbé ni?

Mi ò ní pè é ní olè, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Aláwọ̀ funfun ọmọ olówó ni Lydia. Àwọn tó sọ̀rọ̀ fún un jẹ́ aránṣọ, ìránṣẹ́ ilé, ọmọ àti ọmọ ọmọ ẹrú. Ó dárúkọ wọn nínú ìwé rẹ̀, ìyẹn sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ìgbà náà ṣe lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni José de Calazán Herrera, tí wọ́n ń pè ní Bangoché. Bámgbóṣé ni! Obìnrin aránṣọ kan wà tó ń jẹ́ Omí Tomí, òun ló mú un mọ àwọn àgbà kan. Inú mi dùn, ó sì bà jẹ́, nígbà tí mo rí orúkọ wọ̀nyẹn. Orúkọ wọn wà nínú ìwé, kò sí ní ẹ̀yìn ìwé. Wọ́n ní yàrá nínú iṣẹ́ náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn.

Ọkọ àti ọmọ ńkọ́?

Gwen John, Amelia àti Lydia kò lọ́kọ. Virginia lọ́kọ, kò bímọ. Vanessa bí mẹ́ta, ó sì ń yàwòrán lọ; Paula ni ìbímọ pa. Mi ò rò pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo wà níbẹ̀.

Ṣé a rí ẹni tó ṣe méjèèjì pọ̀?

A rí wọn. Mina Loy, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ń pàtẹ àwòrán ní Paris kó tó di akéwì. Ìwé ewì rẹ̀ jáde ní 1923, lẹ́yìn náà ó ń ṣe ìbòrí àtùpà tà kó lè jẹun. Emily Carr ní Kánádà ni mo fẹ́ràn jù. Ó ya igbó àti òpó gbígbẹ́ àwọn onílẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Kánádà nígbà tí kò sí ẹni tó ń rà á. Fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yàrá ló fi ń háyà, ó ń sin ajá tà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán. Nígbà tí àìsàn ọkàn kọ lù ú ní 1937, tí kò lè máa ru kánfáàsì wọgbó mọ́, ó mú gègé. Ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, Klee Wyck, jáde ní 1941, ó sì gba ẹ̀bùn Gómìnà Àgbà. Nígbà tí ara kò gba ọ̀dà mọ́, ọ̀rọ̀ ṣì wà.

Kí ló dé tí àwọn kan fi gé orúkọ wọn kúrú?

Ìdí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n orúkọ kúkúrú kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé obìnrin ni kó tó wo iṣẹ́. Akéwì Hilda Doolittle di H.D.; ayàwòrán Hannah Gluckstein di Gluck; Dora Carrington fi Carrington nìkan jẹ́ orúkọ.

Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n tì mọ́ tiwọn. Ẹ wo Loïs Mailou Jones, ayàwòrán, tí wọ́n bí ní Boston ní 1905, tó kọ́ni ní Yunifásítì Howard láti 1930 títí di 1977. Ní 1938, ní Paris, ó ya Les Fétiches, agọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún nínú òkùnkùn. Ní 1941 ó fẹ́ fi àwòrán kan sílẹ̀ fún ìdíje ní Corcoran Gallery ní Washington, níbi tí wọn kì í ti í gba iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ funfun, Céline Tabary, ló bá a gbé e lọ. Àwòrán náà gba ẹ̀bùn. Kò lè jáde lọ gbà á.

Ní apá òǹkọ̀wé, Zora Neale Hurston kọ Their Eyes Were Watching God ní Haiti láàárín ọ̀sẹ̀ méje, ìwé náà jáde ní 1937. Ní 1950 ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó kan ní Miami. Nígbà tó kú ní 1960, wọn kò fi àmì sórí sàárè rẹ̀ ní Fort Pierce. Òǹkọ̀wé obìnrin mìíràn, Alice Walker, ló wọ inú koríko lọ wá a ní 1973, tó sì gbé òkúta sí i.

Ṣé irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà?

Ó ṣẹlẹ̀. Colette Omogbai, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Zaria, pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Mbari, ibi tí àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ti ń pàdé ní Ìbàdàn, ní 1963, nígbà tí kò ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Àwòrán líle, àwọ̀ tó ń jà. Ní 1965 ó kọ àròkọ kan sínú Nigeria Magazine, ó fi bá àwọn tó ń fẹ́ kí àwòrán máa dùn lójú kí ó sì yéni kíá wí. Búrọ́ọ̀ṣì àti gègé, ọwọ́ kan náà. Ní 1966, ọdún kan lẹ́yìn náà, Flora Nwapa tẹ Efuru jáde, ìtàn obìnrin oníṣòwò kan ní etí omi. Gbogbo èèyàn ló mọ Nwapa. Ó dùn mí pé ìwọ̀nba ló mọ Omogbai.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ka To the Lighthouse, kí àwòrán Vanessa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí fóònù. Bí o bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Charleston ní Sussex, ilé tí Vanessa àti Duncan Grant, ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ya ògiri, ilẹ̀kùn àti àga rẹ̀. Àádọ́ta àwo oúnjẹ wà níbẹ̀ tí àwọn méjèèjì yà láàárín 1932 sí 1934, àwòrán àwọn obìnrin olókìkí ló wà lára wọn, àwọn ayaba, àwọn òṣèré, àwọn òǹkọ̀wé. Virginia wà lórí ọ̀kan.

Bí ẹsẹ̀ rẹ bá sì kan Havana, ṣáà gba iwájú hótẹ́ẹ̀lì Habana Libre ní Vedado kọjá. Iṣẹ́ Amelia Peláez ti 1958 ló wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, èso Kúbà tó fi mósáìkì búlúù, funfun àti dúdú ṣe, ó gùn kọjá iwájú ilé náà. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ilẹ̀kùn. Ojú títì lo ti máa wò ó.